Fi ìka wá a kí o tó fi abẹ́rẹ́ wá a

Òṣogbo
Ọjọ́ Àìkú, lálẹ́

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé o dé Ifẹ̀ láyọ̀? Ìyá àgbà ní kí n kí ọ. Wọ́n ní àmì bírò tí o fà sí àwọn lọ́wọ́ kò tíì lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo rí ojú rẹ nígbà tí o ń wọ mọ́tò. Mo jágbe mọ́ ọ níwájú ìyá mi, mo gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ bí ẹni ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé, n kò sì ṣàlàyé kankan fún ọ. N kò bínú sí ọ pé o ń kọ́ akupọ́ńṣọ̀, iṣẹ́ ìwòsàn àwọn ará Ṣáínà níbi tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ sí àwọn ojú àmì kan lára, tàbí pé o fẹ́ gún ìyá àgbà ní àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀rù ló bà mí, ọ̀rọ̀ tó sì wà níkùn mi kò ṣe é sọ lẹ́nu ọ̀nà níbi tí onímọ́tò ti ń fọn fèrè.

O mọ̀ pé ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyá kan pọn ọmọ ọdún mẹ́rin wá sí wọ́ọ̀dù wa. Ibà ló ṣe ọmọ náà, wọ́n sì ti gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí níbì kan nítòsí ilé wọn. Ibà lọ lóòótọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, ọmọ kò lè gbé iwájú ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè mọ́. Ńṣe ló ń wọ́ ọ nílẹ̀. Imú bàtà ẹsẹ̀ yẹn ti jẹ tán, ti òsì sì wà bí wọ́n ṣe rà á. Ẹni tó gún un kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó mọ̀ pé ìdí ni wọ́n ń gún. Kò mọ̀ pé iṣan ìmọ̀lára tó tóbi jù lọ nínú ara ń gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá. Mo tún rí irú rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n bàtà ọmọ yẹn ni kò kúrò lójú mi. Òun ni mo rí nígbà tí o gbé abẹ́rẹ́ sókè lórí ọwọ́ ìyá àgbà.

Èdè wa fúnra rẹ̀ lè kó ẹni sí wàhálà nínú iṣẹ́ yìí. Iṣan là ń pe gbogbo rẹ̀. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ni. Okùn funfun líle tó so ẹran mọ́ egungun, iṣan ni. Èyí tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ, iṣan ni. Ẹran tó ń sún kì tó sì ń nà, iṣan náà ni wọ́n ń pè é. Aláìsàn á wọlé, á ní, "Iṣan ló ń dùn mí," ìwọ lo sì máa wádìí pé èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àtẹ akupọ́ńṣọ̀ tí o gbé wálé kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmì dúdú kékeré, orúkọ kan, nọ́ńbà kan. Kò sọ iṣan tó wà lábẹ́ rẹ̀ fún ọ. Ojú àmì 361 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹnu kò lé lórí nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 2008, o sì sọ fún mi pé o ti há ti ọwọ́ sórí. Mo yìn ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ibi tí àtẹ parí sí ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Na ọwọ́ òsì rẹ. Fún àtàǹpàkò mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìfábẹ̀là dáadáa. Wo ẹran tó wú sókè láàárín egungun méjèèjì: òun ni ìwé yín ń pè ní first dorsal interosseous. Orí rẹ̀ ni ojú àmì tí wọ́n ń pè ní Hegu wà, ní nǹkan bí ìdajì egungun tó gbé ìfábẹ̀là ró. Àwọn ará Ṣáínà ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni àfonífojì tó pàdé. Awọ ibẹ̀, ẹ̀ka iṣan ìmọ̀lára tó ń jẹ́ radial ló ń jẹ́ kí á mọ̀ ọ́n lára. Ẹran abẹ́ rẹ̀, iṣan ìmọ̀lára mìíràn, ulnar, ló ń darí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó bá gba awọ kọjá dé inú ẹran ti kúrò ní ilẹ̀ baálé kan bọ́ sí ti òmíràn. Mo ti tọ́jú àwọn tí àrùn ẹ̀tẹ̀ ba ulnar wọn jẹ́. Ibẹ̀ yẹn gan-an á jìn wọlé, á wá ku awọ lórí egungun, kọ́kọ́rọ́ lásán á sì di ohun tí wọn kò lè dì mú. Bí o bá rí ọwọ́ tí ibẹ̀ ti jìn, má ronú abẹ́rẹ́ rárá. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí o darí ẹni náà sí.

Wàyí o, rọra sún ìka rẹ sẹ́yìn, síhà ibi tí egungun àtàǹpàkò àti ti ìfábẹ̀là ti pàdé. Tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́. Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń lù? Iṣan ẹ̀jẹ̀ radial nìyẹn, ibẹ̀ ló ti ń rì wọlé láàárín orí méjì tí ẹran yẹn ní, tó ń lọ sí àtẹ́lẹwọ́. Lórí àtẹ, ibẹ̀ àti Hegu súnmọ́ ara wọn. Lára ènìyàn, ìyàtọ̀ àárín wọn ni ẹ̀jẹ̀ tó máa ya tàbí tí kò ní ya. Aláboyún wá ńkọ́? Má dé ibẹ̀. Àwọn àgbà iṣẹ́ náà fúnra wọn ti ń kìlọ̀ ọ̀rọ̀ aláboyún àti Hegu tipẹ́tipẹ́.

Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fẹ́ kí á pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí àtẹ́lẹwọ́ ìyá àgbà lo fẹ́ gún. Ojú àmì Laogong lo sọ pé o ń wá níbẹ̀. O ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni ààfin làálàá, mo sì rò ó lọ́kàn mi pé ta ni orúkọ yẹn tọ́ sí tó ìyá àgbà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń ti ọwọ́ bọ ìkòkò aró ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ̀lú ti pa wọ́n léèékánná láró, omi eérú ti jẹ awọ, awọ sì ti yi láti gba ara rẹ̀ là. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, bí ìgbà tí wọ́n fi kànrìnkàn gbígbẹ ha mí ni.

Fún awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ, kí o gbé e sókè. Á tẹ̀lé ọ bí aṣọ tó tóbi jù fún ẹni tó wọ̀ ọ́. Dán an wò ní àtẹ́lẹwọ́. Kò ní dìde. Àwọn fọ́nrán kéékèèké ló dè é mọ́ awọ funfun líle kan tó tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ bí ẹní. Bí kò bá sí wọn, awọ ì bá máa yí mọ́ wa lọ́wọ́ nígbà tí a bá di ọmọ odó mú, a kò sì ní lè gún iyán dójú àmì. Lábẹ́ ẹní yẹn ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ti tẹ̀ bí ọrun, tí ẹ̀ka ìmọ̀lára ti ń pín sí ìka, tí àwọn okùn líle sì ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀ nínú àpò wọn. Kò sí ẹran tó ń fa ìka nínú ìka fúnra rẹ̀, o mọ ìyẹn; fi ọwọ́ kan di apá kejì mú, kí o máa fi ìka ta tábìlì, wàá rí i pé apá ló ń ṣiṣẹ́. Bí ọṣán dùndún ni: ibì kan la ti ń fún un, ibòmíràn ni ohùn ti ń yí padà.

Bí abẹ́rẹ́ ẹlẹ́gbin bá gbé kòkòrò dé abẹ́ ẹní yẹn, ọyún á há síbẹ̀. Ohun tó máa ń tan àwọn nọ́ọ̀sì tuntun jẹ ni pé ẹ̀yìn ọwọ́ ló máa ń wú, torí awọ ibẹ̀ dẹ̀. Wọ́n á máa tọ́jú ẹ̀yìn ọwọ́, bẹ́ẹ̀ inú àtẹ́lẹwọ́ ni ọ̀ràn wà. Abẹ́rẹ́ tuntun, ẹnì kan, ẹ̀ẹ̀kan, kí o sì sọ ọ́ nù sínú ike rẹ̀. N kò ní tún èyí sọ.

O tún fi fídíò ẹ̀rọ kékeré kan hàn mí, tó máa ń dún tí wọ́n bá gbé e dé ojú àmì. Wọ́n ní iná máa ń gba ojú àmì kọjá wẹ́rẹ́ ju ibòmíràn lọ. Àbẹ̀kẹ́, òógùn ń jẹ́ kí iná kọjá. Awọ àtẹ́lẹwọ́ kò ní irun, àmọ́ ihò òógùn kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ẹ̀rù lásán sì ti tó láti mú kí ó tutù. Bí o bá tẹ ẹnu ẹ̀rọ náà mọ́ awọ gidi, á dún. Bí o bá rọra tẹ̀ ẹ́, á dákẹ́. Gbé e lọ sára ìyá àgbà nígbà ọyẹ́, lórí awọ tó ti yi tó sì gbẹ, ṣé a ó wá sọ pé wọn kò ní ojú àmì lọ́wọ́ ni? Fi owó rẹ ra ìwé.

Ìwádìí tó wọ̀ mí lọ́kàn ni ti Helene Langevin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Vermont ní Amẹ́ríkà. Ní 2001, wọ́n wọn agbára tó ń gbà láti fa abẹ́rẹ́ yọ lára ọgọ́ta ènìyàn tí ara wọn le. Bí wọ́n bá yí abẹ́rẹ́ náà lọ sápá kan ṣoṣo, agbára yẹn fi 167% ju ti èyí tí wọn kò yí lọ. Ara ń dì í mú. Bí òwú ṣe ń wé mọ́ igi ìrànwú ni fọ́nrán funfun abẹ́ awọ ṣe ń wé mọ́ abẹ́rẹ́. Lójú àmì, ìdìmú náà fi 18% ju ti ibòmíràn lọ. Kíyè sí i dáadáa: ara dì í mú níbòmíràn náà. Nígbà tó di 2002, wọ́n wo apá òkú tí wọ́n gé ní ìpele ìpele, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí 80% ojú àmì tí wọ́n yẹ̀ wò bọ́ sí ibi tí awọ funfun ti ya ẹran kúrò lára ẹran, níbi tí alápatà máa ń ti ọ̀bẹ bọ̀ nígbà tó bá fẹ́ tú ẹran láìgé e. Inú mi dùn sí i, torí ohun tí ọwọ́ lè kàn ni. Ṣùgbọ́n apá ni wọ́n wò, wọn kò dé ọwọ́. Má bá wọn sọ ọ́ dé ibi tí wọn kò dé.

Ó ku ojú àmì Neiguan, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹnubodè inú. Ìwọ̀n àtàǹpàkò méjì láti ìlà ọrùn ọwọ́ sókè síhà ìgbọ̀nwọ́, láàárín okùn líle méjì, àtàǹpàkò aláìsàn ni kí o sì fi wọ̀n ọ́n, má fi tìrẹ wọ̀n ọ́n. Fi àtàǹpàkò kan ọmọńdinrín, kí o ká ọrùn ọwọ́ wọlé díẹ̀. Okùn tó yọ gọnbọ láàárín ni palmaris longus. Ti ọwọ́ ọ̀tún mi yọ. Ti òsì kò sí rárá, bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn, iṣẹ́ kankan kò sì tìtorí ẹ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Irú mi pọ̀. Bí o bá gbé àtẹ rẹ wá sídìí ọwọ́ òsì mi, tí o ń wá àárín okùn méjì, okùn méjì wo lo máa rí? Iṣan ìmọ̀lára tó ń jẹ́ median sì wà lábẹ́ ibẹ̀, ó ń lọ bá okùn mẹ́sàn-án mìíràn fún ara wọn mọ́ ihò tóóró ọrùn ọwọ́. Bí aláìsàn bá ní nǹkan ta òun bí iná dé àtàǹpàkò, ìfábẹ̀là àti ìka àárín, fa abẹ́rẹ́ sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀. Má sọ fún un pé agbára ló ń wọlé.

Bẹ́ẹ̀ Neiguan yìí wúlò o. Àkójọ ti 2015 láti ọ̀dọ̀ Cochrane, àjọ tó ń kó ìwádìí ìlera jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, yẹ ìwádìí 59 wò lórí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó ń dín èébì àti ìrìndọ̀ kù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé kì í ṣe abẹ́rẹ́ nìkan ni wọ́n lò. Àwọn kan tẹ ibẹ̀ lásán. Ìka lè ṣe é, Àbẹ̀kẹ́. Ìka kò ní ba iṣan ẹnikẹ́ni jẹ́, ó sì ń kọ́ ẹni tó ni ín ní ẹ̀kọ́. Fún ọdún kan gbáko, ọwọ́ tí o bá rí ni kí o máa tẹ̀: ti ọ̀rẹ́ rẹ, ti ìyá eléwà, ti ẹni tó bá gbà fún ọ. Kí o máa dárúkọ ohun tó wà lábẹ́ ìka rẹ kí o tó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, lábẹ́ ojú ọ̀gá rẹ, gbé abẹ́rẹ́. Bí aláìsàn bá bi ọ́ pé kí ló ń ṣe, sọ ohun tí o mọ̀ fún un, kí o dúró níbẹ̀. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ ti ná owó káàkiri kí wọ́n tó dé, àánú wọn ń ṣe mí.

Wá sílé ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo ti bá alápatà mi ní Ọjà Ọba sọ̀rọ̀, ó máa fi apá ewúrẹ́ kan pa mọ́ fún wa láìtú u. Mú abẹ kékeré tí ẹ fi ń ṣe ẹ̀kọ́ yẹn dání. Orí tábìlì ilé ìdáná la ti máa ya á, ẹran kúrò lára ẹran, ìwọ á sì fi awọ funfun yẹn hàn mí, torí ojú mi ti ń ṣú díẹ̀. Ìyá àgbà ní àwọn gbà kí o tún wá tẹ ọwọ́ àwọn. Wọ́n ní ti òsì ni kí o kọ́kọ́ tẹ̀, pé òun ló ń ro àwọn lóru.

Èmi ni,
Màmá rẹ