Ta ló jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Bàámi?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ta ìwé àti gègé fáwọn ọmọ ilé-ìwé lẹ́yìn ọjà Òyìngbò, n kò sì kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn rí. Ọ̀rọ̀ Bàámi ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín, torí ìwé ìròyìn yín lèmi àti wọn fi ń tàkúrọ̀sọ fún ọdún mẹ́fà gbáko.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n. Lókò, ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta níbí, ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí glaucoma gba ojú wọn, tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo máa ń kàwé ìròyìn sí wọn létí. Ojú ìwé àwọn olóògbé ni wọ́n máa ń ní kí n kọ́kọ́ ṣí. Tí mo bá dórí orúkọ ẹni tí wọ́n mọ̀, wọ́n á ní, "Òun náà ti lọ?" Wọ́n á béèrè ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n á fìka ṣírò. "Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti ń wa ọkọ̀ ojú irin kí n tó wọṣẹ́." Bí ìtàn bá wá dé ẹnu wọn, wọ́n á fi òrùka ọwọ́ wọn kan apá àga, kó, kó, kó. "Àníkẹ́, dúró níbẹ̀ ná." Ọ̀dà apá àga yẹn ti bó níbi tí òrùka ń bà, igi inú rẹ̀ ti yọ síta.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, tí wọ́n ṣí ọ̀nà rélùwéè tuntun tó lọ sí Ìbàdàn, mò ń kà á fún wọn pé orúkọ Mobolaji Johnson ni wọ́n fi sọ ibùdókọ̀ tó wà ládùúgbò wa. Òrùka dún.

"Òun ni gómìnà wa lọ́jọ́ tí mọ́tò kúrò lósì bọ́ sọ́tùn-ún. Ọjọ́ Ọdún Àjíǹde ni. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi láti Denton, mò ń lọ sí Ìdúmọ̀tà, ẹnì kan jókòó sẹ́yìn mi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gun orí afárá Carter ni..."

Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni wọ́n ń sọ, ọjọ́ tí Nàìjíríà fi wíwa mọ́tò lápá òsì títì sílẹ̀, tí wọ́n bọ́ sápá ọ̀tún. Èmi ò tíì dáyé. Ọbẹ̀ wà lórí iná, fóònù mi ń dún. Mo ní, "Bàámi, ẹ jẹ́ n kà á tán ná." Wọ́n dákẹ́. Mo kà á tán lóòótọ́. Wọn ò padà sórí ọ̀rọ̀ náà mọ́, èmi náà ò sì bi wọ́n.

Ọdún 2022 ni wọ́n kú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, oògùn, owó, àti ẹni tó máa sùn tì wọ́n là ń sọ ṣáá. Màámi ì bá mọ̀, àmọ́ wọ́n ti lọ láti 2009. Mo pe àbúrò Bàámi ní Ìjẹ̀bú-Òde; wọ́n láwọn ò gbọ́ ọ rí. Àwọn ènìyàn ní kí n dúpẹ́ pé mo rí bàbá sin. Mo dúpẹ́ náà. Ṣùgbọ́n lálẹ́, tí mo bá ṣí ojú ìwé àwọn olóògbé, tí mo rí àgbà ará rélùwéè kan, n kì í rẹ́ni tó máa sọ irú ẹni tó jẹ́ fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá àyè díẹ̀ fáwọn àgbà tó rántí àárọ̀ Sunday yẹn, pàápàá àwọn tó ń gbé Ẹ̀bútè-Mẹ́ta nígbà náà. Báwo ni orí afárá ṣe rí? Ṣé àwọn oníkẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ni, àbí wọ́n gùn ún kọjá? Bí ẹni tó jókòó sẹ́yìn ọ̀dọ́mọkùnrin Lókò kan, tó ga, tí iná ti jó ní ẹ̀yìn ọwọ́ òsì, bá ṣì wà láyé, mo ń wá a. Fẹ́ńdọ̀ ṣì ń fi ìwé ìròyìn yín pamọ́ dè mí ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Àníkẹ́,
Òyìngbò, Ẹ̀bútè-Mẹ́ta, Èkó.