Ètè màámi

Fọlákẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé òtútù Kánádà ò mú yín jù, àwọn ọmọ ńkọ́? Voice note tó o fi ránṣẹ́ ní Sátidé ò kúrò lọ́kàn mi. Ibi tó o ti ní "ṣé Ọlọ́run tiẹ̀ ń gbọ́ wa báyìí, pẹ̀lú gbogbo ààwẹ̀ tí mo ti gbà lórí pépà yìí", ohùn ẹ já mi láyà, mi ò sì fẹ́ kàn fi "á dáa" dá ẹ lóhùn.

O mọ̀ pé rọpárọsẹ̀ mú màámi, ẹnu wọn ò là mọ́. Ohun tí mi ò sọ fún ẹ ni pé àdúrà ti fẹ́ sú mi. Ìṣọ́ òru ni o, ààwẹ̀ ọjọ́ méje ni o, bí ẹni lọ sin gbèsè ni mo ṣe ń gbàdúrà. Lóru ọjọ́ kan, iná ti lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù kí n lè yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ni mo bá rí i tí ètè wọn ń mì, kò sóhùn. Mo rò pé omi ni wọ́n fẹ́ mu, mo gbé kọ́ọ̀pù sún mọ́ wọn, wọ́n mirí. Ìgbà tí mo tẹjú mọ́ ọn dáadáa ni mo rí i pé orúkọ ni wọ́n ń pè, tèmi, tàbúrò mi, tàwọn ọmọ wa, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé òpin wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Fọlákẹ́, èmi ń bẹ Ọlọ́run nítorí ẹnu wọn, àwọn ń bẹ̀ Ẹ́ nítorí tiwa!

Hánà ìyá Sámúẹ́lì nínú Bíbélì ló sọ sí mi lọ́kàn, tí ètè ẹ̀ nìkan ń mì níbi tó ti ń gbàdúrà, tí Élì àlùfáà sì rò pé ó ti mutí yó. (Mi ò ní kéèyàn má pariwo o, Bátíméù afọ́jú pariwo, Jésù sì dúró dá a lóhùn.) Ìyá Àjàyí Crowther náà, Hánà lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tó ṣèrìbọmi níbí lọ́dún 1848. Wọ́n kó ọmọ ẹ̀ lẹ́rú ní 1821, ó di 1846 kí wọ́n tó tún fojú kanra ní Abẹ́òkúta wa yìí. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n! Crowther kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá òun ń gbọ̀n, wọ́n kàn dira wọn mú, wọ́n ń wora wọn láìsọ̀rọ̀, omijé ń dà, ó wá ń fi orúkọ ìgbà kékeré pe òun. Tí mo bá ń kọjá ní Àkẹ́ báyìí, níwájú St. Peter's, ìyá yẹn ni mo máa ń rò.

Jésù fúnra Ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ̀bẹ̀ ní Gẹtisémánè pé kí ago yẹn ré Òun kọjá. Kò ré kọjá. Ṣùgbọ́n Lúùkù ní áńgẹ́lì wá fún un lókun, Ẹni tó ń làágùn bí ẹ̀jẹ̀ sì dìde lọ bá àwọn tó wá mú un, kò sá. Agbára àdúrà tí mo mọ̀ nìyẹn, òun ló ń gbé mi dìde láàárọ̀ tí mo fi ń wẹ̀ fún màámi kí n tó lọ sí Ìtòkú lọ tajà.

Pépà ẹ á jáde lágbára Ọlọ́run, mi ò dákẹ́ lórí ẹ̀. Má dákẹ́ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ìwọ náà, kódà tí ò bá ju "Baba" lọ, tí ẹkún bá gba ìyókù.

Mo gbé voice note ẹ sétí màámi lánàá. Nígbà tó di alẹ́ mo tún tan tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n. Wọ́n ti fi orúkọ ẹ kún un.

Èmi ni,
Bísí