Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ ní Leeds

Abẹ́òkúta

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ òru, mo kí ọ kú òtútù. Ara gbogbo wa le níbí. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ nígbà tí a jọ ń rí ara wa lórí fídíò fóònù lọ́jọ́ Sátidé kò kúrò lọ́kàn mi. O ní, "Màámi, mi ò mọ ẹni tí mo jẹ́ mọ́. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo ń gbé ayé fún." O sọ ọ́ tán, o yára fi ẹ̀rín bò ó. Ṣùgbọ́n ojú mi ti rí i kí o tó sọ ọ́. Agogo méjì ọ̀sán ni, kọ́tìnì rẹ ṣì wà ní títì. Kóòtù tí o wọ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ lórí bẹ́ẹ̀dì, oúnjẹ àná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, o ò fọwọ́ kàn án. Ìwọ tí o kì í fi aṣọ òde jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láti kékeré!

O mọ̀ pé Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ, ni mo ti ṣe nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìyá yóò sọ tirẹ̀ lẹ́yìn.

Bí inú èèyàn bá bàjẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, bí ayé ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ kò lọ, tí oorun dà rú, tí ohun tó ń dùn mọ́ni tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ni mọ́, tí èèyàn ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi ṣáá, àìsàn ni. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Pe ọ́fíìsì dókítà rẹ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Má wulẹ̀ sọ fún wọn pé ó ń rẹ̀ ọ́. Sọ gbogbo rẹ̀ bí o ṣe sọ ọ́ fún mi. Ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn thyroid, ẹ̀yà ara kékeré tó wà ní ọrùn, máa ń mú irú àárẹ̀ yìí wá. Bí wọ́n bá fún ọ lóògùn, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Má dá a dúró fúnra rẹ. Ní England tí o wà yẹn, o tiẹ̀ lè forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ fún NHS Talking Therapies, ìtọ́jú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba ibẹ̀ ń ṣe, láìjẹ́ pé dókítà kọ ìwé fún ọ.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ bi ọ́ láì fi bọpo bọyọ̀. Ṣé ó máa ń wá sí ọ lọ́kàn pé kí o pa ara rẹ? Àwọn kan rò pé bí a bá bèèrè, àwa la fi sí èèyàn lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara máa ń tu ọ̀pọ̀ èèyàn pé ẹnì kan tiẹ̀ bi àwọn. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, má dúró de Ọjọ́ Ajé. Pe 111 ti NHS, kí o tẹ 2 fún ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ, ì báà jẹ́ òru; bó bá ti le, pe 999 ti pàjáwìrì. Kí o wá pè mí. Mi ò ní bínú, mi ò ní pariwo.

Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta níbí tó kàwé dókítà ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò ní 1954, kò ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn aláìsàn. Inú abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ni wọ́n ń gbé, nílé àwọn ará abúlé, kálukú pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan tí yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọṣọ rẹ̀, tí yóò sì mú un wá gba ìtọ́jú láàárọ̀. Oògùn wà, dókítà wà, ṣùgbọ́n ìbátan yẹn ni mo fẹ́ kí o wò dáadáa. Ènìyàn laṣọ mi. Ta ni ìbátan tìrẹ níbẹ̀? Mo rò ó títí, ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní Bradford ni mo rí. Sọ fún un. Ní kó tẹ̀ lé ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, kó jókòó tì ọ́.

Ó di ọ̀rọ̀ ìyá wàyí. Ní Ìbàdàn, báńkì lo ń lọ, àwọn tó jù ọ́ lọ ń pè ọ́ ní "mà". Lọ́hùn-ún, o ń gbé arúgbó dìde lóru, o ń pààrọ̀ aṣọ tí wọ́n tọ̀ sí. Mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́, mi ò sì ní sọ pé kó má dùn ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà lo sọ fún mi nípa ìyá àgbà tí kì í jẹun fún ẹlòmíràn, tí o ń kọrin fún kó tó lanu. Ọmọ tí mo bí nìyẹn. Báńkì kọ́ ló fún ọ ní ìwà yẹn.

Ìbéèrè rẹ, ohun tí o ń gbé ayé fún, ìbéèrè gidi ni, mi ò ní fi àdúrà dí ọ lẹ́nu. Àmọ́ ìrẹ̀wẹ̀sì a máa yára dáhùn fún èèyàn pé kò sí nǹkan kan. Má gba èsì yẹn lẹ́nu rẹ̀. Jẹ́ kí ara kọ́kọ́ le, ká tó jọ jókòó ti ìbéèrè náà. Bó o bá ní o fẹ́ padà wálé, yàrá rẹ wà. Bó o bá ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lo fẹ́ kọ́ níbẹ̀, inú mi á dùn.

Owó tí o ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, dá a dúró ná. Èmi àti bàbá rẹ ti jọ sọ ọ́. Owó ìfẹ̀yìntì wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n à ń jẹun. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé lè máa jò di ọdún tó ń bọ̀. Dín iṣẹ́ òru kù.

Ẹ̀gbọ́n mi ti Ṣàgámù ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Mò ń gbàdúrà fún ọ ní ìdájí, mi ò sì ní dákẹ́, ṣùgbọ́n àdúrà kì í bá oògùn jà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ pé orí rẹ ni kò gbè ọ́. Ìtìjú ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, ti 1958 la ṣì ń lò tẹ́lẹ̀. Ìwọ kọ́ lo dá ìtìjú náà sílẹ̀, má rù ú.

Bí wọ́n bá ti dá ọ lóhùn lọ́jọ́ Ajé, fi ọjọ́ tí wọ́n fún ọ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Bí wọ́n bá ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, sọ ìyẹn náà fún mi, ká lè mọ ohun tí a ó máa ṣe kó tó pé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ