Ẹ fi ìwé sọ́fè kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò

Olóòtú,

Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mò ń ṣe n'Íbàdàn níbí, èmi kì í ṣe tíṣà. Àmọ́ ọmọ àbúrò mi tó wà ní SS 2 máa ń kó iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá bá mi. Wọ́n ní kó wá bí A (2, 3) ṣe jìnnà sí B (5, 7). Ó rí 5. Mo ní, 5 kí ni? Ó kàn ń wò mí.

Kí ló dé tí wọn ò fi ìwé sọ́fè, ìwé tí awa awọnlẹ̀ máa ń ya ilẹ̀ àti òpó igun rẹ̀ sí, kọ́ wọn? Gbogbo òpó kọnkéré tí à ń rì mọ́ igun ilẹ̀ ló ní nọ́ńbà méjì: bó ṣe lọ sí ìlà-oòrùn tó, àti bó ṣe lọ sí àríwá tó, mítà sì ni méjèèjì. Ká ní òpó kan wà ní 600120 àti 817340, tí ìkejì wà ní 600138 àti 817364. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì: 18 àti 24 ló kù. 18 lọ́nà 18 jẹ́ 324, 24 lọ́nà 24 jẹ́ 576, àpapọ̀ 900. 30 lọ́nà 30 ló ń jẹ́ 900, nítorí náà mítà 30 ló wà láàárín wọn.

Ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n sì fi ń ta ilẹ̀ fún wa, 50 níbùú, 100 lóòró. Ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ mítà 0.3048, 100 á wá jẹ́ mítà 30.48, kì í ṣe 30. Ajẹ́ńtì á ní ìyẹn ò tó nǹkan (wọn ò ní í fẹ́ràn lẹ́tà yìí). Ilẹ̀ mítà 15 sí 30 jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 450, 15.24 sí 30.48 jẹ́ 464.5. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 13 ló lọ yẹn.

Nígbà tí ọmọ náà fẹ́ yí 450 padà sí ẹsẹ̀ bàtà, ẹ̀ẹ̀kan ló fi 3.28 (iye ẹsẹ̀ bàtà tó wà nínú mítà kan) sọ ọ́ di púpọ̀, ó ní 1,476. Mo ní kó ya ilẹ̀ náà, kó yí ìbú padà, kó yí òòró náà padà. Ìgbà yẹn ló rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni 3.28 wọ ibẹ̀, ó sì rí 4,841.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ gba ẹ̀dà sọ́fè ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ yín lọ́wọ́ ọ̀gá yín. Kí àwọn ọmọ ṣírò àlàfo òpó sí òpó, kí wọ́n wá fi téèpù wọ̀n ọ́n. Bí òpó kan bá ti pòórá, ìyẹn ti kúrò ní ìṣirò, iṣẹ́ tiwa nìyẹn.

Awọnlẹ̀ kan,
Ìbàdàn