Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dí ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn pa

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí títì tí wọ́n fẹ́ fẹ̀ láàárín ìlú wa àti ìlú tó múlé tì wá, inú mi dùn sí i torí èmi náà ń wọkọ̀, ṣùgbọ́n mo kà á dé ìparí mi ò rí ibi tẹ́nì kankan ti dárúkọ ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba inú igbó kọjá, àfi bíi pé ọ̀nà yẹn ò sí láyé. Ó wà o. Sátidé tó kọjá lèmi àti àbúrò mi rìn ín látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Kìlómítà 11 ni títì torí ó yí òkè po, ọ̀nà ẹsẹ̀ ò ju 7 lọ. A ti rò pé wákàtí kan àtààbọ̀ máa tó wa, torí ẹni tára ẹ̀ le máa ń rin kìlómítà 4 sí 5 láàárín wákàtí kan, a ò ka òkè mọ́ ọn. William Naismith, ará Scotland kan tó fẹ́ràn àtimáa gun òkè, ti ṣírò irú ẹ̀ látọdún 1892: wákàtí kan fún máìlì 3, ìyẹn bíi kìlómítà 5, kéèyàn wá fi wákàtí kan kún un fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 2,000 tó bá gùn. Òkè tiwa ò ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹn lọ, síbẹ̀ ó gba ìṣẹ́jú 15 gbáko lọ́wọ́ wa, nígbà tá a sì fi máa dé ó ku díẹ̀ kó pé wákàtí méjì.

Ìrì ṣì pọ̀ lórí koríko nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, kò pẹ́ tí ṣòkòtò wa fi tutù dé orúnkún. Ọ̀nà yẹn tóóró, ẹnì kan níwájú ẹnì kan lẹ́yìn la ń tò lọ, kẹ́ ẹ sì wá wò ó, ó rọrùn láti bára ẹni sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ju kéèyàn jókòó kojú síra wọn lọ, ọ̀rọ̀ tá ò tíì sọ láti bí ọdún kan la sọ tán ká tó dódò. Igi kan ni wọ́n fi dábùú odò náà, àárín igi yẹn ń dán bí ọwọ́ ọkọ́ tí wọ́n ti lò pẹ́, ẹsẹ̀ àìmọye èèyàn ló fá a bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní kò síbi táyé ń gbà níbẹ̀, kó wá fọwọ́ pa igi yẹn wò.

Ohun tó dùn mí wà lẹ́yìn odò. Ẹnì kan tó ra ilẹ̀ síbẹ̀ ti ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún dí ọ̀nà náà, látọ̀tún dé òsì, kò fàyè kankan sílẹ̀. Wáyà ìsàlẹ̀ ti tẹ̀ nítorí àwọn tó ń rá kọjá lábẹ́ ẹ̀, èérún aṣọ kékeré kan ṣì há sára ẹ̀gún ẹ̀. Ibẹ̀ la ti bá ìyá àgbà kan, ó ti sọ ẹrù kalẹ̀, ó ń fọwọ́ tì í gba abẹ́ wáyà díẹ̀díẹ̀. A sáré bá a gbé e. Ó kí wa pé ẹ kú ìrìn ẹ̀yin ọmọ mi, ó kúnlẹ̀, ó rá kọjá, ó gbọn eruku orúnkún ẹ̀, ó wá ní, "Àtìgbà tí wọ́n ti ta wáyà yìí ni mo ti ń kúnlẹ̀ fún un." Mi ò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Wọ́n á ní kó máa gba títì. Títì wo? Títì tí kò níbi tẹ́lẹ́sẹ̀ lè gbà, tí tírélà ń fẹ́ atẹ́gùn sí èèyàn létí? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bíi mílíọ̀nù 1.19 èèyàn ni jàǹbá ọkọ̀ ń pa lọ́dún kan ṣoṣo, ohun tó lé ní ìdajì nínú wọn ló sì jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́, àti ẹni tó wà lórí alùpùpù. Ọ̀nà inú igbó ò pa ẹnì kankan báyẹn. Tí títì bá sì di dandan fẹ́lẹ́sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ ti lè rí mọ́tò tó ń bọ̀ lójúkojú, ẹ má kẹ̀yìn sí i.

Ìjọba ilẹ̀ England àti Wales ti rí irú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1949 ló ní káwọn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ ya àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ aráàlú sínú máàpù, kó máa jẹ́ ẹ̀rí. Òfin ti 1980 náà sọ pé táráàlú bá ti ń gba ọ̀nà kan fún ọdún 20 gbáko ní gbangba, láìtọrọ àyè, tẹ́nikẹ́ni ò sì dí wọn lọ́wọ́, wọ́n á kà á sí ọ̀nà gbogbo ayé, àfi tónílẹ̀ bá lẹ́rìí pé òun ò fìgbà kan gbà bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé òfin ibẹ̀ kọ́ lòfin ibi gbogbo, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ yé mi: ọ̀nà tí ò sí nínú máàpù, ó rọrùn kẹ́nì kan jí lọ́jọ́ kan kó ní kò sí níbẹ̀ rí. Àwa náà lè ya tiwa, kò gba ọ̀gá kankan, OpenStreetMap, ìyẹn máàpù tí gbogbo èèyàn jọ ń yà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2004, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù tó ń gba GPS lè rin ọ̀nà náà kó sì fi í síbẹ̀. Àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Kí n tó gbàgbé, omi náà ń ba ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn jẹ́ o. Ẹsẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ ibi òkè yẹn le gbagidi, òjò ò ráyè wọlẹ̀, ó wá ń tọ ojú ọ̀nà bọ̀ wálẹ̀, ó ń gbẹ́ ẹ bíi gọ́tà, àwọn èèyàn á yà fún un gba orí koríko, ọ̀nà kan á di mẹ́ta. Kò le láti tún un ṣe, kẹ́ ẹ kàn fi ọkọ́ gbẹ́ ojú àgbàrá tí ò jìn dábùú ọ̀nà, kó dagun díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, omi á yà sínú igbó. Bí mẹ́rin márùn-ún irú ẹ̀ ti tó òkè yẹn.

Mi ò bá ẹni tó nilẹ̀ jà, ilẹ̀ ẹ̀ ni. Ohun tí mò ń bẹ̀ ẹ́ fún ò ju àyè kékeré kan lọ lára wáyà yẹn, níbi téèyàn kan tó rẹrù máa lè gbà kọjá lóòró, tó bá sì ń bẹ̀rù ẹran kó ṣe géètì kékeré tó ń tì fúnra ẹ̀, èmi á dá lára owó ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ olóòtú, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde kó rí i kà. Sátidé tó ń bọ̀ a tún ń lọ pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, lẹ́yìn ilé tó gbẹ̀yìn níbi tí ọ̀dà títì ti tán, ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ kó wọ bàtà tó dì mọ́sẹ̀.

Èmi ni, ọ̀kan lára àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín.