Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Sìmẹ́ǹtì Tí Wọ́n Fi Ń Rẹ́ Ilé Onígi Àtijọ́

Sí Alága àti ẹ̀yin ọmọ Ìgbìmọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀,
Láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwa káfíńtà àti arẹ́lé tí ń tún ilé onígi ṣe ní Suffolk, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìyọ̀ǹda àtúnṣe tí ẹ ń fún onílé pé sìmẹ́ǹtì àti ọ̀dà oníke kò gbọdọ̀ kan ara ilé onígi mọ́. Òfin ọdún 1990 lórí ilé àtijọ́ ti fi àṣẹ náà sí yín lọ́wọ́.

Igi óákù tútù, igi líle kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi kọ́ ilé wọ̀nyí, torí ó rọ̀ láti gbẹ́. Bó bá ń gbẹ, á lọ́, á sán. Àwọn tó kọ́ ọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ahọ́n igi kan ni wọ́n kì bọ ihò èkejì, wọ́n wá fi èèkàn óákù gbígbẹ há a. Ihò ara ahọ́n kì í bá ti òpó mu déédéé: wọ́n ń sún un ní nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 3 sí apá èjìká, ìyẹn ìdí ahọ́n, kí èèkàn lè fa igi méjèèjì mọ́ra bí òòlù bá ti ń lù ú wọlé. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ igi hazel tí a hun ló dí àárín òpó, amọ̀ tí a pò mọ́ koríko gbígbẹ àti bọ́tọ màlúù ló bò ó, láìmù, ìyẹn ẹfun ìrẹ́lé tí a ń rí nínú òkúta sísun, ló wà lókè amọ̀ náà. Omi tó bá wọ irú ògiri bẹ́ẹ̀ ń rọ́nà jáde.

Sìmẹ́ǹtì ò fún un lọ́nà. Òun le gbagidi, igi ní tirẹ̀ ń wú, ó ń sún kì. Kò ní pẹ́ tí àárín wọn á fi là, ìlà tínrín tí èékánná lè wọ̀. Ibẹ̀ lòjò ń gbà ṣàn lọ bá igi ìdálẹ̀, ìyẹn igi gbọọrọ tí gbogbo òpó dúró lé. Bí omi inú igi bá ju ìdá 20 nínú 100 lọ tó sì pẹ́ níbẹ̀, olú á máa jẹ ẹ́, kòkòrò ajẹgi á tẹ̀lé e. Lójú títì ilé ń dán. Ẹ fi ṣísẹ́lì gún ìdí rẹ̀, á wọlé bí ẹni gún àkàrà.

Títì náà ń dá kún un. Ọ̀dà títì tuntun lórí ti àná, ilẹ̀ ń ga, igi ìdálẹ̀ ń wọlẹ̀. Kí àwọn tí ń ṣe títì kọ́kọ́ họ ti tẹ́lẹ̀ kúrò.

Ní ti àtúnṣe, ibi tó rà nìkan ni kí wọ́n gé, kí wọ́n fi óákù tuntun so ó. Bí irin yóò bá wọ̀ ọ́, kó jẹ́ èyí tí kì í dípẹtà, torí omi inú óákù ń jẹ irin lásán. Láìmù 1 sí yanrìn 3, pẹ̀lú irun ẹran, ni kí wọ́n fi rẹ́ ẹ, kì í ṣe nígbà tí yìnyín ń bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀rọ tí ń fẹ́ yanrìn bó ara igi. (Ọ̀dà dúdú tí àwọn kan ní dandan kí igi ní, ayé Ọbabìnrin Victoria ló gbilẹ̀, láìmù ni wọ́n ń kùn bo ọ̀pọ̀ ilé tẹ́lẹ̀, igi àti ògiri pọ̀.)

Ẹ yan ọjọ́ kan fún wa, kí òṣìṣẹ́ yín tí ń fọwọ́ sí ìwé wá síbi iṣẹ́. A ó ṣí ìdí ògiri kan fún wọn.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.