Lẹ́tà sí màmá tó ń ta áírìṣì ní Igbóna

Màmá, ẹ kú ọjà o, ẹ kú òòrùn. Èmi bàbá onífìlà pupa yẹn ni, tí ẹ sọ ní "ọkọ mi oníyán" tí gbogbo ìsọ̀ sì ti gbà á sẹ́nu. Mo mọ̀ pé ẹ kì í wo fóònù, ọmọ yín obìnrin tó máa ń bá yín wò ó bóyá álẹ́ẹ̀tì ti wọlé ni mo gbójú lé, kó bá mi kà á fún yín tí ọjà bá dákẹ́.

Ìjà ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni mo fẹ́ sọ. Mo gun ọ̀kadà láti Òkè-Báálẹ̀, mo gbé abọ́ dání, mo ní ẹ wá wo irú áírìṣì tí ẹ tà fún mi, mo pariwo débi pé ìyá aláta ẹ̀gbẹ́ yín fi ata sílẹ̀ wá wòran. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Áírìṣì ò ṣe nǹkan kan, èmi ni.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Ọmọ mi pé ọdún 9, ó ti rí máṣì, áírìṣì tí wọ́n sè tí wọ́n sì fọ́, nínú fóònù ìyá ẹ̀, ó funfun, bọ́tà ń yọ́ lórí ẹ̀, wọ́n gbé itan adìyẹ tì í, ó ní òun nìyẹn lòun fẹ́, òun ò fẹ́ ráìsì. Ìyá ẹ̀ wà níbi iṣẹ́ títí di alẹ́. Èmi wá ní kí ló wà níbẹ̀, ṣebí iyán òyìnbó ni! Ọmọ Òṣogbo ni mí, láti ìgbà tí apá mi ti ká ọmọ odó ni mo ti ń gún iyán, ta ni áírìṣì? Mo sè é, mo dà á sódó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lù ú bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin márùn-ún ó dáa gan-an, ó fúyẹ́, ó funfun. Ṣé mo wá dúró? Mi ò dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, inú mi sì ń dùn tórí tí iyán bá ti ń fà àdúrà ti gbà nìyẹn, mo tún gún un, mo da mílíìkì sí i, mo tún gún un. Ìgbà tọ́mọ yẹn fi ṣíbí bù ú, ó gbé ṣíbí sókè, gbogbo abọ́ fẹ́ tẹ̀ lé e. Ó wojú mi, ó ní "Dádì, ṣé gọ́ọ̀mù ni?"

Ẹ̀yin ò bá mi jà rárá. Ẹ kàn bi mí pé kí ni mo fi fọ́ ọ. Mo ní odó. Ẹ rẹ́rìn-ín títí gèlè fi yẹ̀ lórí yín, ẹ wá ní "Ọkọ mi, fọ́ ọ ni wọ́n ń fọ́ ọ, wọn kì í nà án."

Mo délé mo lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òótọ́ lẹ sọ. Sítáàṣì inú áírìṣì wà nínú àwọn àpò kéékèèké tójú ò lè rí, tó bá ti ń hó á máa wú nínú àpò yẹn. Tí èèyàn bá rọra fi fọ́ọ̀kì fọ́ ọ, àpò yẹn á kàn yà kúrò lára ara wọn, á fúyẹ́. Àmọ́ tí ọmọ odó bá ti ń bọ́ lù ú, àpò á bẹ́, sítáàṣì á tú jáde, ó di lẹ́ẹ̀lẹ́ẹ̀. Bùlẹ́ńdà gan-an, iṣẹ́ kan náà ló máa ṣe. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé nǹkan tá à ń wá nínú iyán gan-an nìyẹn, òun la ṣe ń làágùn lórí ẹ̀. Àṣé gbogbo ìgbà tí mò ń bà á jẹ́ yẹn, iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe dáadáa, lórí nǹkan tí kò bẹ̀ mí níṣẹ́.

Báyìí ṣá, ẹ wá wò mí. Mo máa bó o, mo gé e kó dọ́gba, mo da omi tútù lé e lórí pẹ̀lú iyọ̀ kí n tó gbé e kaná, tórí tó bá jẹ́ omi gbígbóná lo jù ú sí, ẹ̀yìn ẹ̀ á ti jìnnà rá kí inú tó rọ̀. Tó bá ti hó fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 tí ọ̀bẹ ń wọlé láìjà, mo sẹ́ ẹ, mo dá a padà sínú ìkòkò lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú kan kí omi ara ẹ̀ gbẹ. Ibí yìí ni mo máa ń fò tẹ́lẹ̀, ó ṣe pàtàkì gan-an, omi tó kù yẹn ló ń sọ ọ́ di ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà fọ́ọ̀kì, tàbí kí n fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ kọjá lára asẹ́ (mo ra asẹ́ tèmi o, tìyàwó mi tó fi ń sẹ́ ògì, mi ò dán an wò). Kílò kan, mo máa ń fi bíi 100 gíráàmù bọ́tà sí i, bọ́tà ló ń ṣáájú, ìgbà yẹn ni mo máa ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa ta mílíìkì tí mo ti mú lọ́wọ́ọ́rọ́ sí i díẹ̀díẹ̀, iyọ̀, ata díẹ̀, ó parí. Mi ò tún rò ó mọ́. Ọwọ́ máa ń yún mi, mo máa ń ká a kò.

Ti ànàmọ́ tí ẹ ní kí n máa rà tí áírìṣì bá ti gbówó lérí, mo ti ṣe é. Mo bá yín jiyàn lọ́jọ́ náà pé ó ti dùn jù. Èyí tínú ẹ̀ funfun yẹn dáa, ó gbẹ, ó máa ń mu mílíìkì bí ọmọ àgbò. Èyí tínú ẹ̀ pọ́n bíi kárọ́ọ̀tì ní tiẹ̀ ti lómi lára, kò fẹ́ mílíìkì púpọ̀, ata gígún ló fẹ́, kí adùn ẹ̀ lè rí ẹnìkejì. Ìyàwó mi ń fi ẹ̀fọ́ rírò jẹ ẹ́. Mo ní àwọn tó ni nǹkan kì í jẹ ẹ́ báyẹn, ó ní àwọn wo ló ni ín? Mi ò rí èsì fọ̀. Àtàwọn ará Ireland àtàwọn ará Jọs o, kò sẹ́ni tó ni áírìṣì, ọ̀dọ̀ Peru lọ́hùn-ún ló ti ṣẹ̀ wá, ànàmọ́ gan-an, apá ilẹ̀ Amẹ́ríkà yẹn náà ló ti wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ẹ má sì jẹ́ kí n sọ ọ́ níwájú aláta. Àwọn áírìṣì tí ẹ ń tẹ́ sórí àpò nínú oòrùn yẹn, ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ ara wọn di àwọ̀ ewé. Ẹ ní kí n kàn gé ibẹ̀ dànù. Tó bá kéré, màá gé e, màá gé e jìn, àmọ́ èyí tó ti wọ inú tàbí tó ń korò lẹ́nu, májèlé wà nínú ẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́ nù. Ẹ ṣáà máa fi àpò bò wọ́n.

Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹ bá mi ṣa àwọn tó ti dàgbà, tí ara wọn gbẹ, rọ́bà kan. Igba náírà yín ọjọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, èyí tí mo fi ìbínú mú lọ.